Ẹni Tó Fẹ́ Ra Ẹ́ńjìnnì Bàámi

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹta

Ọ̀gá Kékeré, ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyá ẹ ńkọ́? Àtàǹpàkò ẹ tí jáàkì fún pọ̀ lóṣù tó kọjá ńkọ́? Mo gbà pé á ti jinná, torí mẹkáníìkì tí kò ní àtàǹpàkò, oníwàásù lásán ni. Ara tèmi le. Iṣẹ́ gáréèjì bọ́ọ̀sì tí mo ń ṣe níbí ń lọ bó ṣe máa ń lọ: nǹkan bàjẹ́, a yọ ọ́, a jù ú nù, a fi tuntun sí i. Ọdún márùn-ún rèé, mi ò tíì rí ẹni tó tún nǹkan kan ṣe.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé nìyí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, olórí iṣẹ́ wa mú ìwé ìròyìn kan wá síbi tí a ti ń jẹun ọ̀sán, àwòrán mọ́tò àtijọ́ ló kún inú ẹ̀. Ǹjẹ́ o mọ̀ pé mo rí ìkejì mọ́tò wa níbẹ̀? Aláwọ̀ ewé bíi tiwa, imú gígùn kan náà, iná iwájú tó rí bí ojú ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. Wọ́n kọ iye tí ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì ẹ̀ nìkan tó sábẹ́ àwòrán náà. Ọmọ mi, ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ mi. Owó oṣù mi mẹ́rin ni!

Nítorí náà, mo fẹ́ kí o bá mi ta ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì tó wà nínú mọ́tò wa. Pa wọ́n pọ̀ tà, má pín wọn níyà, tọkọtaya ni wọ́n. Fi kẹrosíìnì fọ̀ wọ́n kí ẹnikẹ́ni tó rí wọn. Bí oníbàárà bá dé, ọwọ́ ọ̀tún ni kó dúró sí, ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ti dáa. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta ni kí o pè é. Kí ohùn ẹ má gbọ̀n o. Oníbàárà tó bá ti gbọ́ pé ohùn gbọ̀n, ó ti borí ẹ nìyẹn.

Kí ìyá ẹ fún mi. Sọ fún un pé mo ń jẹun.

Èmi bàbá ẹ.

Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Bàámi,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú àìrọ́jú, ẹ kú ilẹ̀ òkèèrè. Àtàǹpàkò mi ti jinná, n kò tíì di oníwàásù. Màámi kí yín. Wọ́n ní àwọn ti gé aṣọ tí ẹ ní kí wọ́n rán, ṣùgbọ́n àwọn ò mọ̀ bóyá ikùn ọdún márùn-ún sẹ́yìn náà lẹ ṣì gbé káàkiri. Ẹ ní ẹ̀ ń jẹun, ìyẹn ló ń bà wọ́n lẹ́rù.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì. Bàámi, ṣé ẹ rántí bó ṣe rí báyìí? Nígbà tí mo ká tapólì tí mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, alángbá mẹ́ta ló gbórí sókè tí wọ́n ń wò mí bí ẹni pé mo wọlé onílé láìkanlẹ̀kùn. Ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ kabúrétọ̀ ni wọ́n sọ di yàrá. Ẹ ní kí ohùn mi má gbọ̀n. Kò gbọ̀n. Ẹ̀rín ni kò jẹ́ kó jáde.

Mo kọ́kọ́ lọ bá ọkùnrin tó ń ra irin àlòkù ní ìparí òpópónà wa, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Òṣùwọ̀n, torí pé kò sí ohun tí kì í wọ̀n.

Ó ní, “Èló ni bàbá ẹ pè é?”

Mo ní, “Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta.”

Ó wá táyà kan, ó jókòó lé e. “Pẹ̀lú mọ́tò ni?”

“Rárá o. Ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì nìkan ni.”

“Pẹ̀lú ilé ni?”

Bàámi, ó gbé òṣùwọ̀n ẹ̀ wá lọ́jọ́ kejì. Ó fojú wọn gbogbo ẹ̀, ó ní òun á san ẹgbẹ̀rún márùndínlógójì, pé irin ni irin ń jẹ́. Ó tún ní òun máa yọ ìwọ̀n àwọn alángbá kúrò.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bi yín. Nígbà tí ẹ̀ ń lọ, ẹ̀yin lẹ ní kí a da tapólì bò ó, pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí ẹ fi máa padà wá wà á. Kí ló wá dé tí ẹ fẹ́ tà á?

Èmi ọmọ yín,
Ọ̀gá Kékeré.

Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹrin

Ọ̀gá Kékeré,

Mo kí ẹ, mo kí ìyá ẹ. Ikùn mi kò yí padà. Bí aṣọ bá fún mi, òwú ló sún kì.

Òṣùwọ̀n gbé òṣùwọ̀n wá síwájú ẹ́ńjìnnì mi? Ẹ́ńjìnnì tó gbé ẹ lọ sílé ìwé, tó gbé wa gun òkè tí mọ́tò tuntun ń yọ̀ wálẹ̀ lórí ẹ̀? Sọ fún un pé kó lọ fi wọn orí ara ẹ̀, bóyá á rí i pé ó fúyẹ́. Ìwọ náà dúró, ò ń wò ó! Ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi kọ́!

Ó dáa, n óò sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Kò sí ohun tó tún máa já kúrò ńbẹ̀. Lé àwọn alángbá, kí o sì wá ẹni tó mojú ẹ́ńjìnnì, má wá oníirin mọ́.

Ní ti ìbéèrè ẹ, ẹni tó bá ní nǹkan lè tà á. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èmi bàbá ẹ.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù karùn-ún

Bàámi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ara gbogbo wa le. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, ẹrẹ̀ sì ti gba iwájú ṣọ́ọ̀bù. Màámi ní kí n bi yín bóyá ẹ ṣì ń wọ súwẹ́tà tí wọ́n fi ránṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáhùn ìyẹn kí ẹ tó bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ.

Oníbàárà kan ti yọjú. Kì í ṣe oníirin. Mẹkáníìkì gidi ni, gírísì dúdú wà lábẹ́ èékánná ẹ̀ bíi tiyín. Kò dúró sápá ọ̀tún tí ẹ ní kó dúró sí. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ló tẹ́ páálí sílẹ̀, ó wọ abẹ́ mọ́tò lọ látọwọ́ òsì. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ohun tó sọ nìyí: síléńdà kẹta kò lágbára mọ́, gíà kejì máa ń já bọ́, ẹnì kan sì ti fi nǹkan lẹ ibi tó sán lára gíábọ́ọ̀sì, ó wá kun ún ní dúdú kí ojú má baà rí i. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́sàn-án ló máa san.

Mo ní, “Bàámi ò ní gbà.”

Ó ní, “Mo mọ̀. Ṣáà kọ̀wé sí wọn.”

Kò fẹ́ kí n dárúkọ òun.

Èmi ọmọ yín.

Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹfà

Ọ̀gá Kékeré,

Mò ń wọ súwẹ́tà. Ó tó, ẹ jẹ́ ká gbọ́ nǹkan mìíràn.

Ta ni ọkùnrin yẹn? Ta ló kọ́ ọ níṣẹ́? Ta ló sọ fún un nípa gíábọ́ọ̀sì? Àwa méjì péré la mọ̀ nípa ibi tó sán yẹn láyé yìí, èmi àti ìyá ẹ tó bá mi dì í mú títí ó fi gbẹ. Bi ìyá ẹ léèrè bóyá ó ti ń bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi. Fi ọgbọ́n bi í o.

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́sàn-án, ẹ̀gbin ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó lè dùbúlẹ̀ sórí páálí lásìkò òjò torí ẹ́ńjìnnì, kì í ṣe èèyàn yẹpẹrẹ. Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí irinwó. Mi ò fẹ́ kó bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó máa gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, torí náà dán an wò fún mi. Bi í pé, bí èèyàn bá fẹ́ tú bọ́ọ̀tì orí ẹ́ńjìnnì, ibo ló ti máa bẹ̀rẹ̀? Kọ gbogbo ohun tó bá sọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ ọ́, má bá a tún un ṣe.

Èmi bàbá ẹ.

Ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù kẹfà

Bàámi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fi ọgbọ́n bi Màámi bí ẹ ṣe ní. Wọ́n ní kí n fi ọgbọ́n sọ fún yín pé aránṣọ làwọn, aṣọ làwọn ń bá oníbàárà sọ.

Mo dán ẹni yẹn wò. Ìdáhùn ẹ̀ nìyí, mi ò fi ọ̀rọ̀ kan kún un: “Láti etí wá sí àárín lèèyàn ń tú u. Kò gbọdọ̀ tú ọ̀kan tán kó tó kan òmíràn. Díẹ̀díẹ̀ ni, bí ẹni ń bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ ọmọ tó ti sùn.”

Ó ti fi kún owó ẹ̀, ó di àádọ́talénígba. Ṣùgbọ́n ó ní kí òun tó san án, òun náà ní ìbéèrè tiẹ̀. Ó ní ẹni tó bá ta ẹ́ńjìnnì mọ́tò ẹ̀, tó fi ìkarahun ẹ̀ sílẹ̀, ó dà bí ẹni tí kò ní lọ́kàn láti padà wá wà á mọ́. Ó ní òun ò fẹ́ ra ọjà tó jẹ́ pé ṣe ni olówó ẹ̀ ń fi dágbére fáwọn ará ilé ẹ̀. Ó ní kí n bi yín bóyá bẹ́ẹ̀ ni.

Èmi ọmọ yín.

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹjọ

Bàámi,

Ṣé kò sí o? Oṣù méjì rèé, mi ò rí èsì. Ọ̀dọ̀ alákọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ ni mò ń lọ lójoojúmọ́, débi pé ó ti ń mi orí sí mi pé kò sí kí n tó wọlé.

Bí ọ̀rọ̀ tí oníbàárà yẹn sọ bá dùn yín, ẹ má bínú. Ẹnu ẹ̀ mú jù, mo sì ti bá a wí. Màámi ti rán apá kan náà mọ́ aṣọ yín lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì tún tú u. Ẹ ṣáà kọ ìlà kan péré. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ fi bú wa.

Èmi ọmọ yín.

Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹsàn-án

Ọ̀gá Kékeré, alárékérekè ọmọ,

Ara mi le. Sọ fún ìyá ẹ kíákíá kó yéé tú aṣọ.

Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà tí mo ń ka lẹ́tà oṣù kẹfà yẹn. Nígbà tí mo dé ibi tí “oníbàárà” ti ń bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ ọmọ tó ti sùn, ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu mi débi pé obìnrin tó jókòó tì mí kó àpò ẹ̀, ó lọ jókòó níbòmíì. Ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀ láyé yìí bí kò ṣe èmi? Ta ni mo sì sọ ọ́ fún bí kò ṣe ọmọ ọdún mọ́kànlá kan tó ń fi agbára tú bọ́ọ̀tì bí ẹni ń jà? Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń bá ọmọ tí mo bí nájà! Mo tún ń yìn ín! Mo ní kì í ṣe èèyàn yẹpẹrẹ!

Ẹ̀rín yẹn parí kí n tó délé, torí mo ka ìbéèrè ẹ tán. Ìdí tí mi ò fi kọ̀wé nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo bẹ̀rẹ̀, mo ya gbogbo ẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ọdún tuntun, ìyá ẹ kọ̀wé sí mi pé etí títì lo ti ń tún mọ́tò oníbàárà ṣe nínú òjò, torí pé mọ́tò mi ló gba gbogbo abẹ́ páànù ṣọ́ọ̀bù. O ò fìgbà kan ráhùn sí mi. Mo ronú pé bí ẹ́ńjìnnì bá ti kúrò, ara ẹ̀ á fúyẹ́, wọ́n á fà á lọ, ìwọ á sì ríbi ṣiṣẹ́. Ohun tó yẹ kí n kọ ni pé, “Ṣọ́ọ̀bù ti di tìẹ, ọmọ mi, gba ibẹ̀.” Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Nígbà tí mo wá rí iye tó wà nínú ìwé ìròyìn yẹn, mo sá sẹ́yìn ẹ̀.

O bi mí bóyá mo ń dágbére. Rárá o. Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ fún ẹ, ẹ̀rù àtibọ̀ ń bà mí. Ọdún márùn-ún ni mo fi ń ju nǹkan nù. Ọwọ́ mi ti gbàgbé iṣẹ́ kan. Mi ò fẹ́ dé kí n wá di oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù tí mo fọwọ́ mi kọ́.

Irinwó ṣì ni o. Má rò pé torí pé o jẹ́ ọmọ mi.

Èmi bàbá ẹ.

Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹwàá

Bàámi mi,

Ẹ̀yin náà! Ẹ ò ṣe sọ ọ́? Mo ti ń sunkún sínú páìpù èéfín mọ́tò láti oṣù kẹta pé bàbá mi ti rílé síbòmíì, kí wọ́n tó wá sọ pé páànù ni wọ́n ń wá fún mi!

Ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí. Mo ti yọ ẹ́ńjìnnì yẹn látinú oṣù kẹfà. Síléńdà kẹta, rínǹgì ẹ̀ ló ti kán sí mẹ́ta, mo pààrọ̀ ẹ̀. Gíà kejì, eyín kan ló ti jẹ tán. Gbogbo ìlú ni mo wá òmíràn dé, n kò rí. Ẹ mọ ẹni tó ní in? Òṣùwọ̀n! Ó wà nísàlẹ̀ àgbá kan lọ́dọ̀ ẹ̀, ó sì wọ̀n ọ́n kó tó tà á fún mi. Bàámi, iye ìwọ̀n irin lásán ló gbà. Mo sáré kúrò níbẹ̀ kó tó ronú.

Lọ́jọ́ àìkú tó kọjá, mo dá a padà sínú mọ́tò, mo da epo sí i, mo so bátìrì mọ́ ọn. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó tú èéfín dúdú jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Màámi sáré jáde nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ pẹ̀lú tépù lọ́rùn. Wọ́n gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọn ò gbé e kúrò fúngbà díẹ̀. Ẹsẹ̀ ara ẹ̀ ló fi jáde lábẹ́ páànù, Bàámi, ẹnikẹ́ni ò fà á. Ojú fèrèsé Màámi ló wà báyìí. Mọ́tò oníbàárà méjì ló sì wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ tó gbàgbé iṣẹ́ yẹn, ẹ fi sílẹ̀ fún mi. Mo mọ ẹni tó kọ́ mi, mo lè kọ́ wọn padà. N kì í pariwo bíi tiwọn.

Owó mi ìkẹyìn ni ọ̀ọ́dúnrún. Ẹ rò ó dáadáa, ọjà ti pọ̀ níta.

Èmi oníbàárà yín.

Ọjọ́ keje, oṣù kẹwàá

Bàbá Ọ̀gá Kékeré, olówó orí mi,

Ẹ kú iṣẹ́. Mo ní kí ọmọ yín má tíì lẹ àpòòwé yìí pa, mo fẹ́ kọ tèmi sí i. Ó ti tó oṣù méje tí ẹ̀yin méjèèjì ti ń ná ọjà yìí. Mo dákẹ́, torí pé ó dùn mọ́ mi láti máa gbọ́ ẹnu yín.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí. Ọdún kejì tí a fẹ́ ara wa, ẹ́ńjìnnì tó bá mọ́tò yẹn wá láti ilé iṣẹ́ kú sójú títì. Ẹ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ẹ fi ọwọ́ lẹ́rán. Èmi ló kó owó aṣọ ilé ìwé tí mo rán. Èmi ló tẹ̀ lé yín lọ bá ọkùnrin tó ń tú mọ́tò àtijọ́. Ó pe ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì ní ẹgbẹ̀rún méjìlá. Mo ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Ẹ tẹ ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀ pé ojú ń tì yín. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi lọ, tí mo fi bọ̀. Nígbà tó fi máa gba ẹgbẹ̀rún márùn-ún, ó bi yín pé, “Ṣé ìyàwó yín kò ní arábìnrin kankan nílé ni?” Orúkọ mi ni wọ́n kọ sórí ìwé ọjà. Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ mi, mo ti fi han ọmọ yín láàárọ̀ yìí. Kò tíì pa ẹnu dé.

Nítorí náà, ọjà tí ẹ fẹ́ tà kì í ṣe tiyín. Èyí tó fẹ́ rà á náà kò bi ẹni tó ni ín. Mi ò tà á.

Ṣọ́ọ̀bù di ti Ọ̀gá Kékeré látòní. Ẹ ní ẹ ò fẹ́ di oníbàárà níbẹ̀. Ṣebí oníbàárà là ń gbé àga fún, tí à ń kí káàbọ̀? Ọdún márùn-ún ni mo fi ń fojú bu ara yín, tí mo ń rán aṣọ tí n kò wọ̀n sí yín lára. Ó ti sú mi. Ẹ wá kí n wọ̀n yín.

Èmi ìyàwó yín.

Ọjọ́ kejì, oṣù kọkànlá

Ìyàwó mi,

Mo ka lẹ́tà ẹ tán, mo sì dìde dúró kà á lẹ́ẹ̀kejì. Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀. Ẹsẹ̀ tí mo tẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ náà, jọ̀ọ́, foríjì mí.

Mo ti gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mo sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejìlá, lọ́sàn-án gangan, ni bàálù wa máa balẹ̀. Kí Ọ̀gá Kékeré fi mọ́tò ẹ wá gbé mi. Ìwọ ni kí o jókòó níwájú, èmi á wà lẹ́yìn pẹ̀lú ẹrù mi.

Ṣáà bá mi sọ fún un kó má sáré. Ọdún márùn-ún ni n kò rí òpópónà wa. Mo fẹ́ máa wò ó, ilé kọ̀ọ̀kan, títí a ó fi délé.

Èmi ọkọ ẹ.